Èébú Ọ̀gá Kenji àti Pẹ̀lẹ́ Tèmi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń tún ẹ̀rọ tó ń fa epo ṣe lọ́nà Cypress ní Houston, ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá mi, Misita Kenji, àgbàlagbà ará Japan, ń tú nọ́ọ̀tì kan tó ti dógùn-ún. Sípánà yọ̀, ó gbá wọn ní àtàǹpàkò.

Wọ́n ní, "Chikusho!"

Mo ní, "Sorry, sà."

Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lójú rẹ tí o ò sọ fún un pé "pẹ̀lẹ́", ìwọ gan-an lo burú ju òkúta lọ. Nítorí náà, bí ọ̀gá bá ti ní chikusho, èmi náà ti dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ jò, sorry sà. Kọfí dà nù, sorry sà. Inú mi ń dùn pé mo gbé ẹ̀kọ́ ilé dé Houston.

Nígbà tó yá, mo wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù mi. Fóònù ní ẹranko ni. Inú bí mi kọjá sísọ. Èmi tí mò ń kẹ́dùn pẹ̀lú wọn, ẹranko ni wọ́n ń pè mí! Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ó ní, "Daddy Táyọ̀, please, ẹ calm down. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ná."

Kí n tó bi wọ́n, ọ̀gá ti pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo bi wọ́n pé kí ni mo ṣe.

"Wálé, gbogbo nǹkan tó ń bàjẹ́ níbí, ìwọ lò ń tọrọ àforíjì. Kí lò ń fi àwọn ẹ̀rọ mi ṣe?"

Àṣé sorry tí mò ń sọ ni wọ́n ń kó jọ bí ẹ̀rí! Mo ṣàlàyé pé "pẹ̀lẹ́" wa ni mò ń pè ní sorry, pé a máa ń bá ẹni tí nǹkan ṣe kẹ́dùn, kì í ṣe pé àwa la ṣe é. Ojú mi ti wá le, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń pè mí ní ẹranko.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ní lóòótọ́ ẹranko ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ kì í ro ẹranko kankan. Ẹni tó fẹsẹ̀ gbá tábìlì a sọ ọ́, ẹni tí ọkọ̀ ojú irin fi sílẹ̀ lọ a sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, bí ìgbà tí èmi bá pe ìṣó tó wọ́ ní olóríburúkú. Ọ̀rọ̀ burúkú ni ṣá, wọ́n ní kí n má ṣe sọ ọ́ lójú oníbàárà láé. Bí iṣẹ́ ò ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ọdún tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì, oníbàárà kan wá láti The Woodlands. Bí mo ṣe ń ṣí ìdérí ẹ̀rọ hàn án, ó já lé mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Chikusho!"

Oníbàárà yà sẹ́yìn. Mo rò pé ọ̀gá máa bínú, ṣùgbọ́n wọ́n gbé tíì wọn sílẹ̀, wọ́n tẹrí ba díẹ̀.

Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Wọ́n wá yára kọjú sí oníbàárà. "Èmi kọ́ ni mo ṣe é o."