Ínṣì Kan ní Ọrùn Ọkọ Mi

Télọ̀ ni mí ní Fìdítì, ọkọ mi sì ń ṣe ṣọ́jà ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn ológun ṣì ń ṣèjọba. Ohun tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìbọn. Téèpù ni, irú èyí tó máa ń wà lọ́rùn tèmi láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀rá ara rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n á wọn ikùn ní ọ̀gangan ìdodo, wọ́n á wọn ọrùn, wọ́n á wá yọ ti ọrùn kúrò nínú ti ikùn. Fún ẹni tó ga bíi tirẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù kò gbọdọ̀ ju ínṣì mọ́kànlélógún lọ. Ó ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún kùnà, kó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. Ìbejì wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdírì, ọkọ mi kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Wọ́n fún un ní ìsinmi oṣù kan kó fi tún ara ṣe. Àràárọ̀ ló ń sáré lọ sí ọ̀nà Jóbẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú súẹ́tà lọ́rùn. Ẹ̀kọ tútù kan ló ń jẹ lójúmọ́. Èmi ń lọ jẹun lẹ́yìnkùlé kó má baà rí mi. Inú ń bí mi sí ikùn yẹn, ikùn tí èmi fúnra mi fi iyán kọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an.

Ní Sátidé tó kẹ́yìn, ó dúró níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo wọ̀n ọ́n. Ikùn, mẹ́tàdínlógójì. Ọrùn, mẹ́rìndínlógún. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mọ́kànlélógún géérégé ló ń jẹ́. Mo sunkún. Ó ní òun á ṣì máa sáré títí di Mọ́ńdè tí wọ́n máa wọn òun. Èmi ni mo ní rárá, kó jẹun, kó sinmi, téèpù kì í parọ́.

Ọ̀sán Túsìdé ló wọlé pẹ̀lú àpótí rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ikùn bá èyí tí o wọ̀n mu. Ọrùn ni wọ́n wọ̀n sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iṣẹ́ ti bọ́.”

Mo ní kó dúró kí n tún un wọ̀n. Bí mo ṣe ká téèpù mọ́ ọrùn rẹ̀ ni ojú mi lọ sí ọwọ́ mi. Ìka méjì ti wọ abẹ́ téèpù fúnra wọn, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, kí kọ́là ẹ̀wù má baà fún oníbàárà lọ́rùn. Ikùn nìkan ni mo máa ń fún pinpin, torí ṣòkòtò kò gbọdọ̀ bọ́. Èmi ni mo fún un ní ínṣì tí kò ní. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá.

Ó bi mí pé mélòó ni.

Mi ò yọ ìka mi. Mo ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì. Mẹ́rìndínlógún ni.”

Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Ohun tó ń sọ fún àwọn ọmọ wa títí dòní nìyẹn, èmi á sì máa ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.