Ẹ̀wù Pupa Cleophus Pettway

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n gba ẹ̀wù pupa lọ́wọ́ Cleophus Pettway, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún sì ni nígbà náà. Kò sẹ́ni tó pè é jókòó. Kò sẹ́ni tó ní, "Ọmọ, wá gbọ́ ná." Ó kàn dé ibi tí wọ́n ti ń múra ìgbaradì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ̀wù funfun ló bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, rí ní Alabama mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Atọ́kùn nìkan ló ń wọ pupa lọ́jọ́ ìgbaradì, ẹni tí gbogbo eré ń ti ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó ń pàṣẹ fáwọn mẹ́wàá yòókù. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e lulẹ̀. Àwọn tó kù, funfun ni tiwọn, kí wọ́n máa gbé wọn lulẹ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Ó lọ bá kóòṣì tó ń kọ́ àwọn atọ́kùn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Harlan Stroud. Stroud ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ìwé tó ń kà.

"Ẹsẹ̀ lo ní, Pettway. Orí ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ atọ́kùn. Lọ bá àwọn asáré."

Àwọn asáré ni wọ́n ń sá lọ síwájú láti mú bọ́ọ̀lù tí atọ́kùn bá jù. Pettway lọ bá wọn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bó ṣe fò sókè kó mú bọ́ọ̀lù, géńdé kan já lu orúnkún rẹ̀, orúnkún náà sì yà síbi tí Ọlọ́run ò dá a sí. Bí bọ́ọ̀lù ṣe parí fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ìwé náà, ó yọ́ wọ yàrá ìfọṣọ, ó sì jí ẹ̀wù pupa rẹ̀ gbé. Olè ni, ó jalè, kò sì tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé. Pettway kó tiẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì gbáko. Ó wa ọkọ̀ ilé ìwé, ó kọ́ àwọn ọmọ girama ní bọ́ọ̀lù, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kun ilà pápá lábẹ́ oòrùn, títí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó ń jẹ́ Tallasoka fi gbà á pé kó wá máa kọ́ àwọn atọ́kùn àwọn. Ní gbogbo ọdún yìí, Stroud ń gòkè ni tiẹ̀. Ó ti di ọ̀gá pátápátá níbi tó wà, ojú rẹ̀ ò sì wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n. Bó bá ti yọjú báyìí, Pettway á dìde, á lọ dúró sí kíṣínì, á máa fìka lu tábìlì.

"Cleo, ọkùnrin yẹn ò mọ̀ pé o wà láyé," Earlene ìyàwó rẹ̀ á ní.

"Kó máa jẹgbádùn ẹ̀ lọ. Ó ń bọ̀ wá mọ̀."

"Ìgbà wo?"

"Earlene, mo ní ó ń bọ̀ wá mọ̀!"

"Ó dáa, má fọ́ tábìlì mi. Ẹja ẹ ti ń tutù."

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn kí Kendrell Boykin tó dé. Ọmọ ìlú Prichard ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Atọ́kùn ló ṣe láti kékeré, ṣùgbọ́n gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wá bá a nílé, asáré ni wọ́n fẹ́ kó wá ṣe. Stroud fúnra rẹ̀ wá. Ó jókòó ní pálọ̀ ìyá ọmọ náà, ó jẹ kéèkì wọn, ó nu ẹnu, ó ní, "Màámi, ẹsẹ̀ ọmọ yín yìí, Ọlọ́run ló fún un."

Ìyá ní, "Orí ẹ̀ ńkọ́?"

Stroud rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín nìkan ló fi dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún Pettway, ó ní kí wọ́n tún un sọ, wọ́n sì tún un sọ. Lọ́jọ́ kejì ló wakọ̀ lọ sí Prichard, ó sì ṣèlérí fún ìyá yẹn pé atọ́kùn lọmọ rẹ̀ máa jẹ́.

Ó kọ́ ọmọ náà lóòótọ́. Ó fi ọ̀dà funfun fa ilà igun mẹ́rin bí àpótí sórí koríko, kò fẹ̀ ju ẹní ẹnu ọ̀nà lọ. Inú àpótí yẹn ni Kendrell gbọ́dọ̀ dúró sí, kó fojú wo àwọn àga mọ́kànlá tí Pettway tò síwájú rẹ̀ bí ọ̀tá, kó sọ ibi tí àga kọ̀ọ̀kan máa gbà kó tó ju bọ́ọ̀lù. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fi lè jáde nínú àpótí, fèrè á dún, ó di kó gun gbogbo àtẹ̀gùn pápá lókè-sódò. Odindi ọdún méjì! Orí ọmọ yẹn mú débi pé ó ń rí irọ́ àwọn àga kí wọ́n tó pa á.

Kendrell bínú lọ́jọ́ kan. "Kóòṣì, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu níbí, ẹ̀yin náà rí i. Kí ló dé tí mi ò lè sá gbà á kọjá?"

"Torí ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹ nìyẹn."

"Àwọn ta ni?"

Pettway tún àga kan tò.

"Kóòṣì, àwọn ta ni? Èmi àtẹ̀yin nìkan la wà níbí o, àtàwọn àga."

"Gun àtẹ̀gùn!"

Mi ò ní purọ́ tì í lẹ́yìn. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ṣùgbọ́n Stroud ló ń bá jà nínú àpótí yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló máa gbé Kendrell débi tó ń lọ, kó má débẹ̀ mọ́, ìyẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì sí nǹkan mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lọ bá Stroud gbá nílé rẹ̀, Clifton Gant tó jẹ́ ọ̀gá àwọn kóòṣì Tallasoka pe Pettway sí ọ́fíìsì.

"Cleo, ọmọ yìí ń ṣòfò lórí bẹ́ǹṣì. Dewey Sandlin ni atọ́kùn wa, ọwọ́ ẹ̀ le, kò sì tíì ṣe wá níkà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ mo fẹ́ kí Boykin lọ bá àwọn asáré. Funfun ni kí wọ́n gbé kọ́ fún un."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Funfun.

"Ọ̀gá, ẹ sọ fún un lójúkojú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kó lọ bá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ìwọ lò ń kọ́ ọ, ìwọ ni kó o sọ fún un. Lẹ́yìn Sátidé."

Sátidé náà, ìdíje tó kẹ́yìn fún Stroud ni. Ó ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sáàárín pápá. Láti òwúrọ̀ lèéfín ẹran yíyan ti bo ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí, gbogbo èèyàn ń fọ́ ẹ̀pà bíbọ̀, àwọn àgbàlagbà ọkùnrin ń sunkún bí ẹni tó ń sìnkú. Ṣíọ̀! Pettway tẹ orúkọ yẹn mọ́lẹ̀ bó ṣe ń kọjá, ó sì tún padà wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀wù pupa wà nínú báàgì rẹ̀. Bí eré bá parí, ó máa jù ú lu ọkùnrin náà láyà, á sì ní, "Ṣé ẹ rántí èyí?" Ọdún méjìdínlógójì ló ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dánra wò lójú dígí.

Nígbà tí eré dé ìdá kẹta nínú ìdá mẹ́rin, Stroud ń nà wọ́n pẹ̀lú àmì mẹ́tàdínlógún sí méje. Wọ́n gbé Dewey Sandlin lulẹ̀, èjìká rẹ̀ sì yẹ̀. Gant wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́lòmíì. Kendrell dé akoto, ó fi àkísà tí atọ́kùn fi ń nu ọwọ́ há ìbàdí, ó wọlé.

Àwọn ọmọ Stroud rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní ẹlẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn sún mọ́ iwájú kí wọ́n lè dì í mú bó bá sá. Kendrell dúró pa nínú agbo àwọn géńdé rẹ̀ bí ìgbà tó wà nínú àpótí, ó sì gbé bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá, ó jù ú, ó tún jù ú, títí ẹnìkan fi mú un kọjá ilà ìparí pápá, tí àmì méje sì wọlé. Mẹ́tàdínlógún sí mẹ́rìnlá. Pettway wo òdìkejì, ó rí Stroud tó bọ́ fìlà, tó ń họ orí. Inú rẹ̀ dùn débi tó ń dùn ún.

Stroud kì í ṣe òmùgọ̀ ṣá. Ó ní kí wọ́n padà sẹ́yìn, kí wọ́n máa ṣọ́ afẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà, ojú ọ̀nà dí, ìjàkadì ló kù. Nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ṣẹ́ kù, yáàdì mẹ́sàn-án ló wà láàárín Tallasoka àti ilà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń fúnni gbìyànjú, ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló kù yìí.

Gant ní, "Cleo, kí la máa ṣe?"

Pettway ò ronú. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka ṣàmì sí ọmọ náà: jù ú.

Kendrell rí i. Ó wo iwájú. Mẹ́jọ nínú àwọn ọ̀tá ti lọ dúró sẹ́yìn, àárín ṣófo. Ó wá gbọ́wọ́ sókè, ó gbá akoto rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo atọ́kùn ló mọ àmì yẹn: ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ rí. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n igbákejì atọ́kùn kì í dán an wò lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé.

"Rárá o!" Pettway kígbe. "Jù ú! Kendrell, mo ní kó o jù ú!"

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún un. Ó gbé apá sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jù, àwọn mẹ́jọ yẹn tún fò sẹ́yìn sí i, ó sì gba àárín wọlé fìrìí. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án.

Wọ́n ti borí! Gant gbá Pettway mọ́ra, ó ń gbọ̀n ọ́n. Ìbínú ni Pettway sì kọ́kọ́ bá lọ́kàn ara rẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Ẹsẹ̀! Ẹsẹ̀ náà ló tún fi ṣe é, lójú Stroud! Kendrell sáré tọ̀ ọ́ wá, omijé lójú.

"Kóòṣì, ẹ má bínú. Mo kà wọ́n ni. Mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn, mo kà wọ́n! Wọ́n ti gbà pé mi ò ní sá mọ́, torí ẹ̀yin ò jẹ́ kí n sá rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá a létí. Ọmọ náà ka ọ̀tá tán, ó sì ka kóòṣì rẹ̀ mọ́ ọn.

"Mi ò bínú," ni Pettway wí. "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n kọjá. Mo ní ẹnìkan tí mo fẹ́ rí."

Ó gbé ẹ̀wù náà dání, ó la àárín èrò kọjá. Stroud dúró sórí orúkọ ara rẹ̀ láàárín pápá, ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, bírò tó fi ń fọwọ́ sí aṣọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

"Ẹ kú eré," Stroud ní. "Ọmọ yín yẹn lẹ́sẹ̀ o!"

"Ó lórí."

"Hẹn?"

"Mo ní ó lórí! Ẹ kó èèyàn mẹ́jọ sẹ́yìn, ó kà yín bí ìwé. Orúkọ mi ni Cleophus Pettway."

Stroud wò ó, ó wò ó. Ojú rẹ̀ wá là. "Pettway! Àbí o ò gbá fún mi rí? Mo rántí ẹ. Asáré ni ẹ́, àbí?"

Pettway la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tó ti fi ń dánra wò lójú dígí fún ọdún méjìdínlógójì. Ó na ẹ̀wù náà jáde kó jù ú. Stroud rò pé ọ̀kan lára àwọn tó ń na aṣọ sí òun láti àárọ̀ kí òun fọwọ́ sí i ni, ó gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fọwọ́ sí i yàn-àn-yàn láyà: Sí Pettway, ọ̀kan nínú àwọn asáré mi. Ó dá a padà fún un, ó gbá a léjìká pẹ́pẹ́, ó yíjú sẹ́lòmíì.

Nínú bọ́ọ̀sì, orin làwọn ọmọ kọ délé. Pettway ò bá wọn kọ ọ́. Nígbà tó délé, Earlene rí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀wù náà, kò sì sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn bu oúnjẹ fún un. Pettway jẹun tán, ó ní kó yá òun ní sísọ́ọ̀sì ìránṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kendrell dé síbi ìgbaradì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Pupa ló wà níbẹ̀, Gant fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́. Òjò ti rọ̀ láti àná, bọ́ọ̀lù ń yọ̀ lọ́wọ́. Pettway dúró dè é létí pápá, ó na àkísà pupa kékeré kan sí i.

"Fi há ìbàdí."

Kendrell yí i wò. "Kóòṣì, ẹnìkan kọ nǹkan sí i. Ta nìyí?"

"Bàbá kan tó máa ń tètè gbàgbé. Ọwọ́ ẹ ti kún fún ẹrẹ̀, nù ún."

Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nù ún dáadáa, Pettway sì dúró wò ó títí ó fi nù ún tán.