Ẹ́ńjìnnì Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn tí Ameer Rà fún Baba Rẹ̀

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti abẹ́ òṣùpá. Ojúmọmọ ló ṣẹlẹ̀, etí omi Bàrígà níbí ni, ojú mi ló sì ṣe. Kò sí ẹranko kankan nínú rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀. Èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ohun tó sì yẹ kí èèyàn sọ ni kò sọ. Àbúrò mi ni èèyàn náà, ẹni tí ìyá mi bí tẹ̀lé mi. Àkànó ni mò ń pè é.

Apẹja ni Àkànó. Kì í ṣe apẹja òkun, níbi tí ìgbì ti ń ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀sà ni tirẹ̀, níbi tí omi ò jìn, tí èèyàn lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí omi má kọjá orúnkún. Ibẹ̀ ni akàn ń gbé, ibẹ̀ ni ẹ̀pìyà àti ọbọ̀kún ti ń wá jẹun lórí ẹrẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá kì í dé ibẹ̀. Àkànó mọ ilẹ̀ abẹ́ omi náà bí obìnrin ṣe mọ inú ìkòkò rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló wà ní ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, kó mọ̀ pé ó ní orí, ó ní ẹsẹ̀. Orí wà lókè, okùn sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń fà kó lè jí. Ẹsẹ̀ wọ inú omi lọ, fáànù tó ń ti ọkọ̀ síwájú sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ náà. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni ti ibú. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú ni ti omi ẹ̀bá ilé, torí kó má baà máa họ ilẹ̀. Ọmọ etí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ èyí.

Ti Àkànó ti gbó. Ìdérí rẹ̀ ti sán, rọ́bà táyà ló fi dì í mọ́ra. Kó tó fẹ́ Sàwúdátù ìyàwó rẹ̀ ló ti rà á, ìdí nìyẹn tí Sàwúdátù fi máa ń pe ẹ́ńjìnnì náà ní ìyálé òun. Bó bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti òkèèrè, á ní ìyálé òun ti ń bọ̀, kí wọ́n gbé omi kaná. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá sì jókòó tì í látàárọ̀ tó ń fọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀, Sàwúdátù á yọjú síta, á ní, "Bàbá Ameer, ṣé ọ̀dọ̀ ìyálé mi lẹ ti máa jẹun alẹ́ ni, àbí kí n bu tiyín?" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, òun Àkànó náà á rẹ́rìn-ín.

Nígbà ọyẹ́ kan, ìyálé dákẹ́ láàárín ọ̀sà. Àkànó fa okùn títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò jí. Atẹ́gùn gbé e lọ sábẹ́ afárá gígùn yẹn, àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi okùn fà á wálé lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe ohun ìtìjú létí omi. Kò sí ẹni tí wọn ò fà rí. Ṣùgbọ́n ìròyìn náà dé Ṣómólú, ibi tí Ameer ọmọ rẹ̀ wà.

Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ Ameer: kàlẹ́ńdà, káàdì ìgbéyàwó, àti àwọn fílẹ́ẹ̀sì gbàgẹrẹ tí wọ́n ń ya àwòrán èèyàn sí. Ọlọ́run bù kún un. Láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ́dọ̀ baba rẹ̀ kì í ṣe ìrìnàjò tí èèyàn ń torí ẹ̀ wẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé e gba ọ̀nà Pedro, ó ti dé. Síbẹ̀, bí kì í bá ṣe Iléyá, a kì í rí i. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé baba rẹ̀ ń bá omi lọ bí ewé, ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ó sáré wá, ó ní òun á gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ fún àwọn tó máa tún un ṣe. Àkànó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u kúrò nídìí ọkọ̀, ó gbé e fún un. Kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tuntun ni ọmọ ń gbé e lọ, tí wọ́n á gba ògbólógbòó náà mọ́ owó tuntun.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Ameer dé. Ọkọ̀ akẹ́rù wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mú álífà wá, ó mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ó sì gbé fílẹ́ẹ̀sì tó ga ju èèyàn lọ kọ́ sára ilé: òun rèé, baba rẹ̀ rèé, ẹ́ńjìnnì tuntun wà láàárín wọn bí ìyàwó. Gbogbo etí omi jáde. Wọ́n ṣí aṣọ lórí ẹ́ńjìnnì náà. Ó dúdú, ó ń dán, ó tóbi. Àwọn obìnrin patẹ́wọ́.

Àkànó ni mò ń wò. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì náà, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀, ó dé ẹsẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ náà gùn.

Isiaq, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún gbogbo wa, rí i náà. Ó rọra sọ fún Àkànó létí. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo wà, mo gbọ́.

"Bàbá, ti ibú ni wọ́n gbé wá. Ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rì í bọmi. Tó bá ti kan omi báyìí, ẹni tó tà á ò ní gbà á padà."

Àkànó ò tiẹ̀ yíjú sí i. Ó ní, "Isiaq, ọmọ mi ló dúró yẹn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ìdílé ẹlòmíì wá lè má mọ̀ ọ́n. Nílé tiwa, bí ọmọ bá gbé nǹkan wá fún òbí lójú àwùjọ, òbí kì í yẹ̀ ẹ́ wò, kì í bi í pé ṣé irú rẹ̀ kejì wà. Bó jẹ́ aṣọ, tí kò sì bá a mu, á fi kan ara, á ṣàdúrà. Ẹni tó bá sọ pé kò bá òun mu ti tú ọmọ rẹ̀ sí ìhòòhò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ èmi àti Àkànó. Ó gbé ọwọ́ lé orí Ameer, ó sì ṣàdúrà tó gùn, tí álífà gan-an ń ṣe àmín. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà sídìí ọkọ̀, wọ́n rì í bọmi, wọ́n ń ya fọ́tò. Isiaq gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ìyá wa máa ń pa àlọ́ adìẹ kan fún wa. Ọba ló fi bàtà ta adìẹ náà lọ́rẹ nítorí ẹyin rẹ̀. Adìẹ wọ bàtà, gbogbo ẹyẹ ìlú ń wárí fún un. Ebi dé, kò lè fẹsẹ̀ walẹ̀. Ojú ń tì í láti bọ́ bàtà ọba. Orí àkìtàn tí kòkòrò kún inú rẹ̀ ni ebi pa á sí, tòun ti bàtà. Àkànó ló máa ń rẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo wa.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Bó bá darí ọkọ̀ síbi tó ti máa ń pẹja, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì á wọ ẹrẹ̀, á dá ọkọ̀ dúró gbọnnra. Bó bá gbé ìdí rẹ̀ sókè, fáànù á yọ síta, á máa han bí ẹran tí wọ́n ń dúńbú. Ó lọ síbùú, àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá lé e kúrò lórí àwọ̀n wọn. Ó ń padà wálé pẹ̀lú akàn tí kò kún abọ́. Sàwúdátù wò ó títí, ó ní, "Ìyálé mi ń wúkọ́ ni, ó sì ń bọ́ wa. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ wá yìí, ariwo ló mọ̀, kò bímọ." Ó ní òun máa pe Ameer. Àkànó ní bó bá pè é, kó máa bá Ameer gbé nìyẹn.

Dípò ẹnu, ó wá káfíńtà. Wọ́n kan pákó tuntun lé ìdí ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè ga díẹ̀. Isiaq kìlọ̀ pé ọkọ̀ ti gbó, pé ẹ́ńjìnnì wúwo, pé pákó tuntun lórí ògbólógbòó kò lè gbà á. Àkànó mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ó kàn án síbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà fọ́, mo wà létí omi. Àkànó ń bọ̀ wálé, omi ń fà sẹ́yìn lọ sí ibú. Ìgbà kan wà tí àwọn kan ri igi mọ́bẹ̀ láti fi ṣe ọgbà ẹja; kùkùté rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Pẹ̀lú ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, orí rẹ̀ ló máa ń gbà kọjá láìbojúwẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ gígùn kọ́ ọ. A gbọ́ ìró rẹ̀ dé òkè, bí ẹni la igi. Ìdí ọkọ̀ ya kúrò lára ọkọ̀.

Àkànó já bọ́ sínú omi, omi mu ún dé ìbàdí. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ẹrẹ̀ kì í gbé ẹ́ńjìnnì sá lọ. Bó bá rì, wọ́n á padà wá yọ ọ́. Ọkọ̀ ni omi máa ń gbé lọ. Ọkọ̀ ló yẹ kó dì mú. Ẹ́ńjìnnì ni àbúrò mi gbá mọ́ra. Ó dúró sínú omi, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ jòjòló, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun ti àwọ̀n, tòun ti ọ̀pá ìtukọ̀. Àwọn èèyàn ń pariwo pé kó fi sílẹ̀. Kò fi sílẹ̀. Òpó afárá ni ọkọ̀ náà lọ fi orí sọ.

Ó fi omi ẹ̀rọ fọ ẹ́ńjìnnì náà, ó fi ìró Sàwúdátù wé e, ó gbé e sínú pálọ̀.

Iléyá dé, Ameer dé. Ó rí ẹ́ńjìnnì tó jókòó bí àlejò ní pálọ̀. Ó ní látọjọ́ yìí lòun ti ń gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n kàn fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ni. Àkànó ní ó dára, ó dára púpọ̀, Ọlọ́run á bù sí i. Sàwúdátù ju ṣíbí sílẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹkún ò jẹ́ kó parí rẹ̀ dáadáa.

Ameer jókòó. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ lọ́jọ́ yẹn? Wọn ì bá pààrọ̀ ẹ̀ fún mi kí ilẹ̀ tó ṣú."

Àkànó ní, "O ò bi mí. Álífà lo mú wá, Ameer, o ò mú ìbéèrè wá."

Ameer gbé ẹ́ńjìnnì náà lọ. Ó ní òun á tà á, òun á fi ra ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. A ò tíì rí i. Àwọn ará Ṣómólú sọ pé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn apẹja fa ohun tó kù nínú ọkọ̀ náà wálé. Àkànó ló fi àáké là á, òun fúnra rẹ̀ ló sì rù ú wá síbi tí mo ti ń yan ẹja. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi dáná." Mo bi í pé ṣé kò ní fi pákó kan pamọ́. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ṣe. Igi tó ti mu omi ọ̀sà fún ọdún pípẹ́ kì í tètè ràn, èéfín rẹ̀ sì máa ń ta ojú. Àkànó jókòó tì mí, ó ń bá mi yí ẹja padà lórí iná, ẹja tí àwọn ẹlòmíràn pa.