Pikọ́ọ̀pù Tó Ń Dá Ara Rẹ̀ Sítáàtì

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, tí mo bá dùbúlẹ̀ sí yàrá mi ní Obosi, lẹ́bàá Onitsha, mo máa ń gbọ́ ìró mọ́tò lórí afárá odò Ọya. Màá sọ èyí tí eyín jíà rẹ̀ kán, màá sì tún sọ ohun tí dírẹ́bà rẹ̀ jẹ láàárọ̀.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ojú mi ló rí i, lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń ta.

Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo ti dé, gbogbo Onitsha ń kọ́lé. Mama Chinedu, opó kan, ní pikọ́ọ̀pù tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ilé tí ọkọ náà ń kọ́ kò tíì ní òrùlé nígbà tó kú, òjò sì ti ń ṣú. Pikọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló ní láti fi kó igi àti páànù.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ọ́tòmátíìkì ni, fúnra rẹ̀ ló ń yí jíà, kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Mélòó nínú irú rẹ̀ la ti rí nígbà yẹn? Tó bá dé orí gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há, mọ́tò ò ní lọ. Á dúró bí ẹni ń ronú, á wá fò síwájú gìrì. Lọ́jọ́ kan ó yí sẹ́yìn tòun tẹrù, díẹ̀ ló kù kó tẹ àbúrò obìnrin náà pa.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì," ó wí fún mi nígbà tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, "bí o bá ní ó ti kú, màá tà á fáwọn onírin. Kí òjò máa wó ilé ọkọ mi lọ nìyẹn."

Òfin wa ní ṣọ́ọ̀bù ni pé kí o pa ẹ́ńjìnnì kí o tó fọwọ́ kan nǹkan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Mo pa á, mo fa géèjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo ọ́ìlì jíà. Ó kún dé àmì.

Mo ní, "Inú jíà ló bàjẹ́. Àfi ká tú u."

Lásísì, ará Ọ̀fà tó ń lu bọ́dì mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ! Bí o bá tú u, ta ni yóò tò ó padà? Bàbá rẹ?"

Mo ń wá sípánà lọ́wọ́ ni ẹ́ńjìnnì bá dá ara rẹ̀ sítáàtì.

Ẹ gbà mí gbọ́, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Mo fi í pa á, mo yọ ọ́. Kí n tó dé iwájú, ó tún dún.

Òórùn aṣáà gba gbogbo ibẹ̀. Mo na ọwọ́ sí wáyà bátìrì láti fà á yọ. Ọwọ́ tútù kan dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú, ohùn kan sì sọ ọ́ sí mi létí, jẹ́jẹ́, lédè Igbo:

"Agbanyụla ya." Má pa á.

Lásísì ti wọ abẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ó ń fi Lárúbáwá ké pe Ọlọ́run. Mama Chinedu nìkan ni kò sá. Òun náà ti gbọ́ ohùn yẹn, ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Nna anyị," bí àwọn ìyàwó ibẹ̀ ṣe ń pe ọkọ wọn nìyẹn, "ṣé ìwọ ni?"

Ó wá yíjú sí mi, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ó ní kí o má pa á. Wò ó bẹ́ẹ̀."

Mo fa géèjì yọ, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì kàn. Àṣé bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni irú jíà yẹn ń fa ọ́ìlì rẹ̀ mu. Bí o bá pa á, ọ́ìlì á dà padà, géèjì á purọ́ fún ọ. Ebi ló ń pa mọ́tò! Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì jíà lọ sí rédíétọ̀ ló ń jò. A pààrọ̀ rẹ̀, a bu ọ́ìlì pupa sí i, mo wà á gun òkè. Jíà ń wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n.

Wọ́n kan páànù kí òjò tó dé.

Ẹni tó sọ̀rọ̀, n kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Mama Chinedu ní ọkọ òun kò fín aṣáà rí láyé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tún mọ́tò ṣe, bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ pé òun ò ní kú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń fi hàn yín.

Ọwọ́ tútù tí mo ní ó dì mí mú, irọ́ ni. Èmi ni mo fi í kún un, kó lè dùn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí.

Ṣùgbọ́n ohùn yẹn, mo gbọ́ ọ.