Ẹ̀wù Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Tó Ti Tú

Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìdí nìyí tí n kò fi jáwọ́ nínú ọ̀fíntótó títí di ọjọ́ ogbó mi. Ìlú Tucker, létí Atlanta, ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ń gbé. Lódìkejì òpópónà wa ni àgbàlagbà kan wà, ọmọ erékùṣù kan ní gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrèké. "Chief" ló máa ń pè mí, èmi náà a sì dá a lóhùn pé "Captain", nítorí pé ó gbá bésíbọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa eré náà kò pọ̀: wọ́n a fi igi gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n a sì sáré yí pápá ká padà síbi ìbẹ̀rẹ̀, bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú wọn débẹ̀, wọ́n kùnà nìyẹn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí bàbá náà kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Loganville, ọmọ náà kó àwọn aṣọ tó bá nínú gáréèjì bàbá rẹ̀ wá fún ìyàwó mi, tó ń ṣa aṣọ jọ fún àwọn aláìní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí aṣọ àlòkù wọlé láìkọ́kọ́ rí omi iyọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ó rẹ gbogbo wọn sínú omi iyọ̀ gbígbóná, ó fọ̀ wọ́n, ó fi sítáàṣì sí wọn, ó sì lọ̀ wọ́n. Ìgbà tó ń ká wọn ni mo rí ẹ̀wù aláwọ̀ eérú kan, tí orúkọ ẹgbẹ́ tí n kò gbọ́ rí àti ọ̀rọ̀ náà "líìgì ìgbà òtútù" wà láyà rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Mo ní kí ó má tíì gbé e lọ, mo sì sọdá láti lọ béèrè.

Ojú ọ̀rẹ́ mi yí padà. Kò mọ̀ pé ẹ̀wù náà ti kúrò nílé. Ó ní òun kò fọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbá ìdíje ìkẹyìn. Erùpẹ̀ pupa pápá wọn ṣì wà láyà rẹ̀, níbi tí òun ti fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí òun lè débi ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ilé ìkẹ́rù sórí pápá náà. Erùpẹ̀ yẹn nìkan ló kù.

Mo padà sílé, mo rò ó fún ìyàwó mi, àwa méjèèjì sì jọ sọdá. Ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀wù náà, tí sítáàṣì ti mú kó gan bí pákó, ó sì kúnlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnu rẹ̀ fi ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀, Yorùbá ló ń sọ.

Bàbá náà sáré dìde lórí àga. Ó gba ẹ̀wù, ó tẹjú mọ́ àyà rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ dìde," ó wí. "Gbogbo ọdún tí a fi gbá bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ wa kò mọ́ tó báyìí rí."

Ó wá jókòó, ó ní kí n béèrè ohun tí mo bá fẹ́. Mo bi í bí líìgì ìgbà òtútù ṣe wà ní erékùṣù tí kò mọ òtútù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òtútù ti Amẹ́ríkà ni: bí pápá ìhín bá ti tì, àwọn tó ń fi eré náà jẹun a fò lọ bá ọmọ onílẹ̀ gbá a lọ́hùn-ún. Ta ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀? Ọlọ́rọ̀ kan tó ni ilé iṣẹ́ ṣúgà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni òǹwòran. Kí ló tú u? Ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, kò sì sẹ́ni tó tan iná pápá mọ́. Lọ́jọ́ ìkẹyìn yẹn ńkọ́, ṣé ó débẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé? Rẹfirí ní rárá. Òun ṣì ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Erùpẹ̀ yẹn ni ẹlẹ́rìí mi, Chief. Ẹ ti fọ ẹlẹ́rìí nù. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa jẹ́rìí báyìí."

Ó ti wà ní Loganville báyìí, ẹ̀wù náà sì wà lára ògiri yàrá rẹ̀, ó ń dán. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò sì tíì lóye eré yẹn tán. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, ó débẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé.