Omi Tí Kò Rí Iná

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí nígbà náà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òórùn ọ̀dà dúdú tí oòrùn ń gbóná sí lórí ni ó sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé mi ní Adó-Èkìtì. Ẹ̀yin tí a jọ fọwọ́ mú ṣọ́ọ̀kì mọ̀ pé ọwọ́ olùkọ́ kì í gbà láti jókòó lásán. Mo tú irin ẹ̀yìn fìríìjì kan tó ti kú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí lọ tó ń yí bọ̀ yẹn. Mo kùn ún ní dúdú, mo tẹ́ ẹ sínú àpótí pákó, mo fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ká abẹ́ rẹ̀, mo sì fi gíláàsì fèrèsé bò ó lójú. Omi á rọra ṣàn láti inú kẹ́ẹ̀gì tí mo gbé ka orí ògiri, á gba inú irin náà kọjá, á sì máa kán sínú kúlà ńlá tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ sóde. Bí oòrùn bá mú, ọwọ́ kò ní lè gba omi náà. Bí mo bá sì dé kúlà náà pa nírọ̀lẹ́, yóò ṣì gbóná títí di òwúrọ̀.

Kì í ṣe eré ni mo ń ṣe. Ìyàwó ọmọ mi ló lóyún, ó sì ní ikọ́ fée; èéfín díẹ̀ ti tó láti dí i láyà. Ìyàwó tèmi ti ṣaláìsí, ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ó di Sátidé kó tó wálé. Gbogbo wa la mọ bí omi gbígbóná ti máa ń lọ tó nílé àbíamọ: ti ọmọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ti ìyá tí wọn yóò fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, ti aṣọ fífọ̀. Gáàsì ti wọ́n, kò ṣeé jó tó bẹ́ẹ̀ mọ́, igi ló kù. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí ọmọbìnrin yìí bímọ, kó sì máa rí èémí mí.

Ó bí obìnrin. Ìyá ìyàwó ọmọ mi sì dé láti Ìjan-Èkìtì láti wá wẹ ọmọ àti ìyá rẹ̀. A kí ara wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìgbà tí mo gbé kúlà síwájú rẹ̀ ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ti ìka bọ omi náà, ó sáré fà á yọ nítorí pé ó gbóná, ó wá bi mí pé iná wo ló sè é. Mo ní oòrùn ni.

“Omi tí ò rí uná?” Uná ni wọ́n ń pe iná ní Èkìtì. “Àna mi, òkú là ń fi irú ẹ̀ wẹ̀. Ọmọ tèmi ò tíì kú.”

Mo ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí mo ti sọ̀rọ̀ tán, ó gbé kúlà, ó sì da omi náà sí gọ́tà níṣojú mi. Lẹ́yìn náà ló to òkúta mẹ́ta sábẹ́ fèrèsé yàrá ọmọ rẹ̀, ó dáná igi. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó rántí àyà ọmọ yìí. Ó fèsì pé inú èéfín la bí gbogbo wa sí, pé èmi tí mo ní àyà ọmọ òun ń dùn mí, omi òkú ni mo gbé fún un.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti gbóná ju omi lọ. Mo ń pa iná rẹ̀, ó ń tún un dá. Mo ṣí gíláàsì mi lójú lówùúrọ̀, mo padà dé, mo bá ẹní lórí rẹ̀. Ó kó ìtàn náà lọ bá àwọn obìnrin àdúgbò, wọ́n á wá dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n á máa wo àpótí mi bí ẹni wo pósí. Lọ́jọ́ kan tí ojú ọ̀run ṣú, ó pè mí láàárín wọn.

“Tíṣà, oòrùn yín dà? Àbí òun náà ti fẹ̀yìn tì ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo wọlé, mo sì tilẹ̀kùn. Ọmọ mi dé ní Sátidé, ó bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀ mí, ó sì sá padà sí Àkúrẹ́ ní Sọ́ńdè kí ṣọ́ọ̀ṣì tó parí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, igi tútù ni ìyá náà kó sínú iná, atẹ́gùn sì gbé gbogbo èéfín rẹ̀ wọ yàrá. A gbọ́ tí nǹkan ṣubú. Nígbà tí a débẹ̀, ilẹ̀ ni ìyàwó ọmọ mi wà, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, èémí rẹ̀ ń súfèé, ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn mọ́tò kan náà, ó ń wí pé omi mi ló kó òtútù ràn án, bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò lo ẹ̀kán omi náà rí. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí n kò ní kọ síbí.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kúrò nímú ìyàwó ọmọ mi, a tún ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ̀yin méjèèjì ń fi omi jà,” ló wí, “èmi sì ni mò ń rì.”

Ó kọjú sí ìyá rẹ̀. “Màámi, bí omi bá gbóná tán, tí a wá gbé e ka gáàsì fún ìṣẹ́jú kan péré, ṣé ó ti rí uná, àbí kò tíì rí i?”

Ìyá náà kò wo ojú mi rárá. “Ó ti rí i,” ló wí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ogójì ọjọ́ fi pé. Oòrùn á se omi, ìyá á fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e ka gáàsì, iná á fojú kàn án, á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Igi kò wọ ẹ̀yìnkùlé mọ́, àbíamọ sì ń sùn láìsúfèé. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé a rẹ́. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó dágbére fún gbogbo ilé, ó dágbére fún ajá, ó fò mí. Mo gbọ́ ọ létí ara mi tó ń sọ fún obìnrin ilé kejì pé òun kò gbà, pé iná gáàsì ló se gbogbo omi yẹn, ohun tí Tíṣà gbé síta kò ṣe nǹkan kan. Èmi tí mo fi ọdún gbọọrọ jẹun lórí àtúnṣe àṣìṣe ọlọ́mọ, n kò tún èyí ṣe. Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ-ọmọ mi nínú yàrá, ẹkún tó lágbára, mo sì mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ní ọgbọ́n tuntun lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ bi àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ pé kí ni kì í jẹ́ kí wọ́n lè gbà á. Ẹ sì tètè bi aláìsàn tó dùbúlẹ̀ sáàárín yín, kí ó má baà jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni yóò ti ráyè dá yín lóhùn.