Bírò Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín: mo mọ òfin. Ìbéèrè lórí rẹ̀ gan-an jáde nínú ìdánwò wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì yege. Ẹni tó bá ti dàgbà, tí orí rẹ̀ pé, òun fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fún un. Kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe ìyá ọkọ, kì í ṣe pásítọ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Kétu ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àṣà wa níbẹ̀ ni pé a kì í fún obìnrin ní ìwé abẹ kó fọwọ́ sí i, ọkọ là ń dúró dè. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ọkùnrin kan ló wá fọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn wa lọ́jọ́ kan, nítorí pé a ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó rẹ̀ kó tó dé, ó ní ta ló fún wa láṣẹ. Ẹ̀rù bà wá. Èmi tí mo jẹ́ àgbà láàárín wa ni mo wá ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun pé, "Ẹ dúró de bàbá ọmọ o, kí wọ́n má bàa wá lù yín."

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, aránṣọ ni, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni. Láàárọ̀ ló wọlé, òun nìkan, ó gbé báàgì ọmọ dání. Alábàárù ni ọkọ rẹ̀, ó wà ní ọjà Máìlì 12 níbi tó ti ń já ata sílẹ̀ lára ọkọ̀ àwọn tó ti Òkè Ọya dé. Kò pẹ́ tí ọkàn ọmọ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù falẹ̀falẹ̀. Dókítà ní abẹ ni, kíákíá. Ó ní kí n lọ gba ìfọwọ́sí, òun náà lọ múra.

Mo gbé ìwé dé, mo ṣàlàyé fún obìnrin náà. Ó sunkún díẹ̀, ó nujú. "Aunty nọ́ọ̀sì, ẹ mú un wá, kí n fọwọ́ sí i." Ó ti mú bírò o. Ó ti gbé e lé ìwé.

Mo ní, "Rárá o. Ọkọ ẹ dà?"

"Wọ́n wà lọ́jà, ma."

"Jẹ́ ká pè wọ́n ná." Mo sì gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ta ni yóò gbọ́ fóònù nínú ariwo Máìlì 12 láàárọ̀, tí àpò ata wà lórí rẹ̀? Mo pè, mo tún pè. Dókítà yọjú, ó bi mí bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mo ní, "Ọkọ ń bọ̀, sà." Irọ́ ni. Ọkọ ò tíì gbọ́ rárá. Obìnrin yẹn di aṣọ mi mú, ó ní, "Aunty, ọmọ yìí ò yí mọ́ o." Háà! Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ níkẹyìn, ọ̀kadà ló gbé e dé, omi ata ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Bó ṣe ń fọwọ́ sí i ló ń pariwo: "Kí lẹ ń dúró dè mí fún? Ṣé èmi ni mo lóyún ni?"

Ọmọbìnrin ni. Irun kún orí rẹ̀. Kò ké.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, métírọ̀nù, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn ló ní òun ò gbà àfi tí ọkọ òun bá dé. Inú bí mi. Mo kọ ọ́ pé ó fẹ́ fọwọ́ sí i, pé èmi ni mo dá a dúró. Òótọ́ ni mo kọ, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Òótọ́ kì í jí òkú ọmọ.

Ọjọ́ tí obìnrin náà fẹ́ lọ sílé, ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ wá kẹ̀kẹ́. Mo gbé ìwé ìlọsílé fún un, mo fi bírò sí i. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Aunty, ṣé kí n dúró dè wọ́n kí wọ́n wá fọwọ́ sí i ni?"

Kò bú mi. Ó ń béèrè ni, torí èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Rárá. Ìwọ ni. Ìwọ náà ló yẹ kó o fọwọ́ sí tọjọ́ yẹn. Ẹ̀bi mi ni."

Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo mọ̀."

Ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó pé. Mo nawọ́ láti gba bírò. Ó gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé báàgì ọmọ rẹ̀, ó sì jáde.